Aṣọ Ìyàwó Tó Ń Sọ̀rọ̀

Ìyàwó ààfin Ìlú Ọba kì í kàn wọ aṣọ lásán, aṣọ náà gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Léèsì á sọ tirẹ̀, péálì á sọ tirẹ̀, àwọn atúmọ̀ aṣọ á wá jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n bíi babaláwo tó tẹ́ ọpọ́n sílẹ̀.

Ẹ wo ọdún 1947. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, owó nìkan ò ra aṣọ, àfi kéèyàn ní kúpọ́ọ̀nù ìjọba. Norman Hartnell, aránṣọ, to péálì bí 10,000 sára aṣọ ìgbéyàwó Elizabeth tó padà di ọbabìnrin, ó fi òdòdó kún un, pé ìlú ti fẹ́ rúwé padà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbóná ni pé kòkòrò tó ran òwú sílíìkì tí wọ́n fi hun aṣọ náà, ọmọ ibo ni? Ṣé kì í ṣe ọmọ Japan tàbí Ítálì, ọ̀tá àná? Àfìgbà tí Hartnell wádìí, tó ní ọmọ Ṣáínà ni. Kòkòrò náà nílò ìwé ọmọ ìlú kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì!

Ti Kate, ìyàwó Ọmọọba William, ní 2011, òdòdó mẹ́rin fún ilẹ̀ mẹ́rin tó para pọ̀ di Ìlú Ọba. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Meghan, ìyàwó Ọmọọba Harry, ló wá tú àpò. Ní 2018, ìbòrí rẹ̀ gùn ní mítà 5, òdòdó orílẹ̀-èdè 53 ti Commonwealth sì wà lára rẹ̀. Ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí làwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó náà ń fọwọ́. Àwọn baba wa náà pàrokò: láyé àtijọ́, owó ẹyọ mẹ́fà ni wọ́n fi ń sọ fúnni pé ọkàn àwọn fà sí i, á sì yé olúwarẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti Windsor yìí, níbi tí Meghan ti ṣègbéyàwó, ààfin ní láti tẹ àlàyé jáde lọ́jọ́ náà gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ni ì bá mọ̀?

Inú àwa náà kúkú dùn. Òdòdó Nàìjíríà wà níbẹ̀, èyí tó hù sẹ́sẹ̀ ẹṣin funfun méjì lára èèpo iwájú páásípọ́ọ̀tù wa, tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ orúkọ rẹ̀. Òun wọ Windsor láìgba físà. Ẹni tó ni páásípọ́ọ̀tù ṣì wà lórí ìlà.

Àbí mo gbàgbé? Meghan fi òdòdó California, ilé tiẹ̀, kún un. Gbogbo atúmọ̀ ní ìfẹ́ ilé ni. Nígbà tó di 2020, tọkọtaya kó ẹrù, ó di California.