Ẹni Tó Bá Da Omi Síwájú Ni Yóò Tẹ Ilẹ̀ Tútù

Bí ọjọ́ kìíní oṣù Júláì bá ti dé báyìí, ọ̀rọ̀ kan máa ń bí mi nínú ní ṣọ́ọ̀bù bábà tó kángun sí ilé wa ní Súrùlérè. Àwọn ọ̀dọ́ á gbé fóònù dání, wọ́n á máa ka ìròyìn Bobby Bonilla síra wọn létí, eléré Amẹ́ríkà tó ti fi pápá sílẹ̀ tipẹ́ àmọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣì ń sanwó fún lọ́jọ́ yẹn lọ́dọọdún, ẹ̀rín á sì sọ. Àwọn kan ń fi ẹgbẹ́ tó ń sanwó fún un ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí ò dùn mí púpọ̀. Àwọn tí mi ò lè gbà fún ni àwọn tó ní Bonilla fúnra rẹ̀ ni kò gbọ́n, pé ta ni í rí owó ńlá tí yóò ní kí wọ́n bá òun gbé e sọ́wọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́dún yìí, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan lókè òkun ti ń béèrè rẹ̀, dìde dúró ó ní, "Ní tèmi o, kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ta ló mọ̀la?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn bàbá tó jókòó níbẹ̀, tí irun orí wọn ti funfun, àwọn náà pàtẹ́wọ́.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó ti fẹsẹ̀ lásán rìn lórí yanrìn lọ́sàn-án gangan rí kò nílò kí n túmọ̀ ìyẹn fún òun. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ẹni tí Bonilla jẹ́, nítorí mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ò mọ̀ ju iye owó náà lọ.

Ọmọ Bronx ní New York ni, ọdún 1963 ni wọ́n bí i. Bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù ló ń gbá, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, tí àwa níbí kò kà sí àmọ́ tí owó gọbọi wà nídìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọdún 1991 ń parí lọ, ẹgbẹ́ Mets ti New York bá a ṣe àdéhùn ọdún márùn-ún ní mílíọ̀nù 29 dọ́là. Kò sí agbábọ́ọ̀lù mìíràn nínú eré náà tí owó rẹ̀ tó tirẹ̀ nígbà náà. Ó gba ife World Series, ife tó ga jù nínú eré náà, pẹ̀lú Florida Marlins ní 1997. Nígbà tó wá padà sọ́dọ̀ Mets, ara ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, èrò ìwòran ń hó lé e lórí, ẹgbẹ́ sì fẹ́ kó máa lọ. Àmọ́ wọ́n ṣì jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù 5.9 dọ́là fún sáà ọdún 2000.

Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Dennis Gilbert, ajẹ́ǹtì rẹ̀, ti ta inṣọ́ránsì rí kó tó máa bá àwọn eléré ṣiṣẹ́, ó sì mọ ohun tí ọdún lè fi owó dà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé kí Mets má tíì san án. Kí owó náà wà lọ́wọ́ wọn, kí èlé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún máa gorí rẹ̀ lọ́dọọdún, kó di 2011 kí ìsanwó tó bẹ̀rẹ̀. Láti 2011 lọ, ní gbogbo ọjọ́ kìíní Júláì, dọ́là 1,193,248 ń wọlé fún un, yóò sì máa wọlé títí di 2035. Bí ẹ bá ṣe é lápapọ̀, ó ju mílíọ̀nù 29 lọ. Ọdún 2001 ló gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn. Nígbà tí ti ìkẹyìn bá máa wọlé, bàbá ẹni ọdún 72 ni.

Mets náà kì í ṣe aṣiwèrè. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà ń kó owó lọ sọ́dọ̀ Bernard Madoff, tó ní òun ń bá ènìyàn fi owó ṣòwò, èrè tó ń kọ sínú ìwé fún wọn sì ju ìdá mẹ́jọ lọ, wọ́n wá rò pé àwọn ló máa jèrè ọ̀rọ̀ náà. Oṣù Disẹ́ńbà 2008 ni àṣírí tú pé gbájúẹ̀ ni Madoff ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ kí owó yára bímọ ló pàdánù. Ẹni tó gbà kó máa rọra bọ̀ ló ń jẹun títí dòní. Ẹ wá sọ fún mi, nínú àwọn méjèèjì, èwo ni ẹ fẹ́ kí ọmọ yín fara wé?

Mo bi ọmọkùnrin ọjọ́sí pé ọdún mélòó ló rò pé òun máa fi gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní bí Ọlọ́run bá fẹ́, òun á gbá a di ọmọ ọdún márùndínlógójì. Àmín. Kò sí ẹni tí yóò gbàdúrà kékeré fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹni tó kúrò lórí pápá ní márùndínlógójì, bí ó bá dàgbà bí a ti ń bẹ Ọlọ́run, á tún lo ogójì ọdún sí i láyé. Láàárín ogójì ọdún náà ni ọmọ máa lọ sí yunifásítì, tí ìyá máa ṣàìsàn, tí orúnkún máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóró. Kò sí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tí yóò bá a san ìkankan níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo ní pápá kì í gba búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Láwánsón tí a máa ń kí ara wa. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Oníkan láyé ìgbà tí èrò máa ń kún ibẹ̀ dẹ́nu. Kì í ṣe owó dọ́là ló gbà, ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, olùkọ́ kì í gbà tó o. Lọ́jọ́ kan mo bá a níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi àbóníkì ra orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn góòlù kan fún mi: ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, okùn bàtà tó já tó sì fi so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, bí gólì ṣe kọ́kọ́ yí sí apá òsì kó tó mọ̀ pé apá ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù gbà. Ojú rẹ̀ ń dán bó ṣe ń sọ ọ́. Mo wá bi í pé owó ńkọ́. Ó fi àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: ọkọ̀ tó kọ́kọ́ rà, òkú bàbá ìyàwó, aṣọ ẹbí tó rà fún gbogbo àdúgbò, àbúrò tó ní òun fẹ́ máa kó ẹjà wọ̀lú, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá a jẹun lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí ìka ọwọ́ kan tán, ó bọ́ sí èkejì. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, olè kankan ò jà mí o. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ná an."

Ẹ má rò pé nítorí pé Nàìjíríà ni. Amẹ́ríkà tó ní ètò fún àwọn eléré rẹ̀ náà ń rí irú rẹ̀. Láti 1980, agbábẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù tó bá ti lo ọjọ́ 43 péré nínú líìgì àgbà ti ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn jà fún un. (Àwọn tiwa níbí, ọ̀pọ̀ ń fi líìgì sílẹ̀ láìrí owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n gbà, ká má tíì sọ ti ìfẹ̀yìntì.) Síbẹ̀, Curt Schilling, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù nínú eré náà jùlọ nígbà tirẹ̀, tẹnu ara rẹ̀ sọ pé mílíọ̀nù 50 dọ́là tí òun fi eré kó jọ ló bá ilé iṣẹ́ géèmù kọ̀ǹpútà tí òun dá sílẹ̀ lọ. Ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ náà wọko gbèsè. Ní 2004, ó ti gbá bọ́ọ̀lù nínú World Series pẹ̀lú ọrùn ẹsẹ̀ tí wọ́n rán, ẹ̀jẹ̀ sì yọ sí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tí gbogbo ayé rí i. Ìbọ̀sẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn ti wà tẹ́lẹ̀ ní ilé ìrántí àwọn àgbà eléré náà ní Cooperstown. Ní 2013, wọ́n gbé e jáde síbi gbàǹjo, ẹnì kan sì rà á ní dọ́là 92,613. Ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí i tí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ náà.

Ẹ wá wo Hank Aaron. Ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Mobile ní Alabama ni, ọdún 1934 ni wọ́n bí i. Kò sí owó bọ́ọ̀lù nílé wọn, igi àti ìdérí ìgò ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ní ọjọ́ 8 oṣù Épírì 1974, ní Atlanta, ó gbá home run (ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá ògiri pápá) kẹẹ̀ẹ́dógúnlélẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀rin, 715, ó sì fi kọjá 714 tí Babe Ruth, aláwọ̀ funfun tó gbá eré náà ṣáájú rẹ̀, fi lélẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, lẹ́tà ìhalẹ̀ ikú ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, nítorí pé àwọn kan ò fẹ́ kí ènìyàn dúdú kọjá àyè náà. Aaron kó àwọn lẹ́tà náà pa mọ́, kò jó wọn níná. Ní 1976 tó fẹ̀yìn tì, 755 ló ní. Kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa retí ẹni tí yóò kí i kú iṣẹ́ àná. Ó wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Braves ti Atlanta, ó ń bójú tó bí àwọn ọ̀dọ́ tuntun ṣe ń dàgbà nínú eré, ó sì tún ń ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ó ku ọdún díẹ̀ kó pé àádọ́rùn-ún tó fi kú ní oṣù Jánúárì 2021, ó sì ti lo ọdún tó pọ̀ nídìí iṣẹ́ ju èyí tó lò lórí pápá lọ.

Bí ẹ bá sì ní Amẹ́ríkà jìnnà, ẹ rìn dé National Stadium wa ní Súrùlérè. Níbẹ̀ ni a ti lu Algeria ní 3-0 lọ́jọ́ 22 oṣù Máàṣì 1980 tí a fi gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kà ní Pólì Ìbàdàn. Adokiye Amiesimaka wà nínú ikọ̀ yẹn. Ìmọ̀ òfin ló kà ní Yunifásítì Èkó, ó sì padà di agbẹjọ́rò àgbà fún ìpínlẹ̀ Rivers. Ìwé ò dí ẹsẹ̀ wọn lọ́wọ́. Ta ló wá sọ fún yín pé ọmọ tó bá ń kàwé ò lè gbá bọ́ọ̀lù? Láti ìgbà wo ni a ti gba irọ́ yẹn gbọ́ ní Èkó?

Ìbínú mi kì í ṣe sí ọmọkùnrin yẹn nìkan. Ọmọdé ni, ohun tó gbọ́ lẹ́nu àgbà ló ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ ni mò ń bá wí. Bàbá tó yọ ọmọ kúrò ní JSS 3 ní Ajégúnlẹ̀ nítorí pé Ighalo tibẹ̀ jáde, ẹ ti ka iye àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá Maracana yẹn tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn lónìí? Ẹ ò kà wọ́n, nítorí pé ẹ ò fẹ́ kà wọ́n. Ẹ̀yin ẹbí tẹ́ ẹ ti pín owó ọmọ nínú ọkàn yín kó tó fọwọ́ síwèé, tí ẹ̀gbọ́n ti mú ilé, tí ìyàwó bàbá ti mú ọkọ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé orúnkún kan péré ni gbogbo yín jókòó lé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù, ẹ fi ọdún mẹ́rin pamọ́ nínú ìwé ìbí. Ìwé lẹ dín kù. Orúnkún mọ iye ọdún tirẹ̀, yóò sì sọ ọ́ fún un nígbà tí ẹ̀yin ò ní sí nítòsí.

Ìwọ ọmọ yìí ńkọ́? Bí ìwé àdéhùn bá dé, má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Wá agbẹjọ́rò tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ajẹ́ǹtì rẹ. Béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá fara pa. Ní kí wọ́n máa fi apá kan owó rẹ síbi tí ọwọ́ rẹ ò ti ní tó o títí o fi máa pé ogójì ọdún. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá bínú, jẹ́ kó bínú. Kọ́ iṣẹ́ kan mọ́ bọ́ọ̀lù, ìbáà jẹ́ kóòṣì, ìbáà jẹ́ iná mànàmáná. Teslim Balógun tí wọ́n ń pè ní Thunder, tí ariwo orúkọ rẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní 1956, iṣẹ́ kóòṣì ló kọ́ nígbà tó kúrò lórí pápá. Ìwọ ju Thunder lọ ni?

Ìwọ tó sì ń pe ara rẹ ní ajẹ́ǹtì, tí o kó owó ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Balógun pé o fẹ́ fi ṣe físà ọmọ rẹ̀, tí fóònù rẹ ò wá lọ mọ́, obìnrin náà ṣì ń wá ọ kiri. Ó ti ta ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀. Dá owó yẹn padà. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ dìde lọ́jọ́ Ajé, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀, kí ọmọ náà padà sí kíláàsì. Aago méjì ni wọ́n ń jáde. Pápá ò ní sá lọ kó tó di ìrọ̀lẹ́.