Menten kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ lásán

Ibi tí ìròyìn yìí ti pe Maud Menten ní olùrànlọ́wọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Leonor Michaelis ni mi ò fara mọ́ rárá. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Berlin lórí bí enzyme (èròjà tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára nínú ohun abẹ̀mí) ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1913, dókítà ìṣègùn sì ni obìnrin náà kó tó débẹ̀. Yunifásítì Pittsburgh kò sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n àfi lọ́dún 1948, nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ó dùn mí gan-an.

Ẹni tó kọ ọ́ lókè pé Victor Henri ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wọn ní 1903, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ wo ohun tó kù níbẹ̀. Tí invertase, enzyme tí wọ́n lò, bá gé ṣúgà sí méjì (glucose àti fructose), glucose tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣì ń yí padà díẹ̀díẹ̀, torí náà ohun téèyàn bá kà lórí polarimeter (irinṣẹ́ tó ń wọn bí omi ṣúgà ṣe ń yí ìmọ́lẹ̀ tó) lójú ẹsẹ̀ kò lè péye. Menten àti Michaelis da álíkálì sí i: ó dá enzyme dúró, ó sì jẹ́ kí glucose tètè fìdí kalẹ̀. Wọ́n lo acetate buffer kí kíkan omi náà má baà yí padà. Ẹ̀yin ọmọ FUTA tẹ́ ẹ ń fi yíìsì búrẹ́dì, tí invertase wà nínú rẹ̀, ṣe irú ìdánwò yìí l'Ákùúrẹ́, bó ṣe yára tó níbẹ̀rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ wọ̀n; níbi tí ṣúgà ò bá pọ̀, tẹ́ ẹ bá pẹ́ kẹ́ ẹ tó da álíkálì, ṣúgà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Km yín (ìwọ̀n ṣúgà tó ń mú kí enzyme ṣiṣẹ́ dé ìdajì eré tó lè sá jù) á sì ṣìnà.