Ẹ Jẹ́ Kí Pẹpẹ Ìwé Ìtàn Yorùbá Dá Òǹkàwé Lóhùn

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC mọ̀ pé ìtàn àròsọ mérìíyìírí, ìyẹn ti iwin àti ẹbọra, yàtọ̀ sí ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìyẹn ti àwọn tó ń tọpa ọ̀daràn. Olùkọ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá dé ilé ìkàwé ìjọba, tó ní ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lédè Yorùbá lòun ń wá, àfàìmọ̀ kí wọ́n má kàn nawọ́ sí pẹpẹ kan, kí wọ́n ní kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀bi òṣìṣẹ́ kọ́. Ètò fífi nọ́ńbà pín ìwé sí ìsọ̀rí tí Melvil Dewey gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1876 ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń lò, 896.333 sì ni nọ́ńbà tó wà fún lítíréṣọ̀ Yorùbá. Wọ́n lè fi nọ́ńbà kan lé e láti ya ewì sọ́tọ̀ kúrò lára eré onítàn, àmọ́ kò ní sọ irú ìtàn tó wà nínú ìwé. Ìdí nìyí tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ, tó kún fún iwin àti ẹbọra, fi lè fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, níbi tí Lápàdé ti ń tọpa àwọn ọ̀daràn.

Ní Denmark, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Annelise Mark Pejtersen fetí sí ohun tí àwọn òǹkàwé ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń wá ìwé ìtàn. Kí ni ìtàn náà dá lé? Níbo ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà wo? Kí ni òǹkọ̀wé fẹ́ kó ṣe lọ́kàn ẹni? Ṣé ó rọrùn kà? Orí èyí ló gbé ètò tirẹ̀ kà. Ohun tí àwa náà ń béèrè nìyẹn. Ìyá tó ń wá ìwé fún ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ kò tíì já gaara kò bá ti nọ́ńbà wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà á lè kà á dópin.

Kí àwọn tó ń bójú tó ilé ìkàwé ní ìpínlẹ̀ Yorùbá gbogbo pe Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá, jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí orúkọ ẹ̀yà ìtàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ lédè Yorùbá sínú kátálọ́ọ̀gì, ìyẹn àkójọ orúkọ ìwé tí wọ́n fi ń wá ìwé. Kí 896.333 wà lẹ́yìn ìwé bó ṣe wà. Àwọn kan á ní ìwé mìíràn jẹ́ ti ìfẹ́, ó tún jẹ́ ti ọ̀daràn. Òótọ́ ni, ojú kan ṣoṣo ni ìwé lè dúró sí lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ní kó má wà lábẹ́ orúkọ mẹ́ta nínú kátálọ́ọ̀gì. Bẹ́ẹ̀ ni kí kọ̀ǹpútà wọn rí Òkédìjí bí èèyàn bá tẹ orúkọ náà láìfi àmì ohùn sí i.

Ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kà ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.