Ráífù .22 kọ́ ni ìbọn igbó Abẹ́òkúta

Inú ń bí mi láti àná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń dáko lọ́nà Alábàtà wá bá mi, ó ní òun fẹ́ ra ìbọn ọdẹ tí owó rẹ̀ ò ní ga ju agbára òun lọ, àwọn ọ̀rẹ́ òun sì ti ní ráífù kékeré, ìyẹn .22, tó ń ta ọta ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ni kí òun wá rà. Wọ́n ní ọta rẹ̀ ò wọ́n. Wọ́n ní kì í pariwo. Wọ́n ní kì í ta èjìká ẹni. Gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yẹn, inú fídíò òyìnbó ni wọ́n ti rí i. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi ọmọ yìí pé irú igbó wo ló fẹ́ gbé e wọ̀.

Mi ò sọ pé ìbọn náà ò dáa níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ọta .22 Long Rifle jáde ní 1887, wọ́n sì ti ń fi pa ọ̀kẹ́rẹ́ àti ehoro níbẹ̀ látìgbà náà. Òjé orí rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 2.6 lọ, ìbú rẹ̀ kò tó mílímítà 6. Ohun kékeré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí àwọn tó ń ṣe é ń kọ sára páálí rẹ̀: ọta yìí lè rìn ju kìlómítà 2 lọ! Ẹni tó bá mọ bí ilé ṣe ń hù láàárín oko láti Ọbántokò títí dé Òṣíẹ̀lẹ̀ lásìkò yìí, kó dìde kó wá fi igbó tó gùn tó kìlómítà 2 hàn mí, tí kò ní sí ẹni tó ń fa omi, tó ń sun ẹ̀gẹ́, tàbí tó ń gbọnsẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó tún wá ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ òkúta. Ìlú tí a ń gbé, abẹ́ òkúta ni, inú oko wa náà, òkúta ni. Òjé .22 rọ̀, kò sì yára bíi ti ráífù ńlá. Tó bá ba òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í fọ́ yángá. Ṣe ló máa ń ta, á yà, á sì wá ọ̀nà mìíràn gbà lọ, kò sí ẹni tó lè sọ ibi tó máa já sí. Kódà omi ń ta á dà nù.

Lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá níbẹ̀ yẹn, ọkùnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa yá irú ìbọn yìí lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó lọ ṣọdẹ òru, tòun ti tọ́ọ̀ṣì níwájú orí. Ó tan iná sórí àpáta pẹrẹsẹ kan, ó rí ojú ọ̀yà tó ń kọ mànà, ó yìn ín. Kò bà á. Ohun tó gbọ́ ni "fììììn", bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá fò kọjá létí ẹni, ariwo náà sì gba ọ̀nà abúlé lọ. Kò kà á sí. Ọ̀yà ti sá, òun náà bá ibòmíràn lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé tuntun kan wà lókè ọ̀hún, tánkì omi dúdú tí wọ́n gbé sórí búlọ́ọ̀kù méjì-mẹ́ta lẹ́yìnkùlé ti gbẹ, gbogbo ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìsàlẹ̀ gan-an ni ihò náà wà, mo ti ọmọ ìka mi tó kéré jù bọ̀ ọ́, kò wọlé. Ó wọ ẹ̀gbẹ́ kan, kò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Nígbà tí wọ́n dojú tánkì dé, òjé kékeré kan yí jáde, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán. A padà sórí àpáta, a wá ibi tó ti bà á kàn: ìlà aláwọ̀ eérú kan lára òkúta, kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ibẹ̀ ló ti yà. Obìnrin tó ni ilé kò pariwo rárá. Ó kàn ń nawọ́ sí ìdí tánkì, ó ní ibẹ̀ ni òun máa ń tẹ́ ẹní sí fún àwọn ọmọ tí ooru bá mú.

Ẹni tó yìnbọn yẹn kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Ọdẹ tó mọṣẹ́ ni. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tó ń ta ọta wẹ́wẹ́ ló fi dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára pé ọta tí kò bá ba ẹran á lọ kú sínú igbó. Òru ló sì wà. Tọ́ọ̀ṣì tí à ń lò báyìí mọ́lẹ̀ ju àtùpà kábáìdì tí àwọn bàbá wa gbé sórí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ojú ẹran ló ń fi hàn wá, kì í fi ohun tó wà lẹ́yìn ẹran hàn. Ráífù sì rèé, ohun tó wà lẹ́yìn ẹran ló yẹ kí o kọ́kọ́ rí kí o tó fà á.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ìbọn ẹlẹ́nu kan tó ń ta ọta wẹ́wẹ́, èyí tó ń lo kàtíríìjì tí wọ́n ń pè ní 12 (ìwọ̀n ẹnu ìbọn ni, kì í ṣe iye ọta), ni kó wá. Ọ̀yà, òkété, àparò, ẹran tó ń bá a jà lóko kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í jìnnà ju mítà 35 tàbí 40 lọ tí ọdẹ á fi yìn wọ́n. Ọta rẹ̀ á fọ́n ká, agbára rẹ̀ á sì tán láìrìn jìnnà. Kàtíríìjì rẹ̀ ni àwọn tó ń ta nǹkan ọdẹ ní ìhín mọ̀. Ọta .22 tí wọ́n ń pè ní olówó pọ́ọ́kú yẹn ńkọ́, ta ló ń tà á fún yín? Olówó pọ́ọ́kú ti ìlú ẹlòmíràn ni.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ọta wẹ́wẹ́ ń ba ẹran jẹ́. Òótọ́ ni. Èmi náà ti fi eyín pàdé e nínú ọbẹ̀ ọ̀yà. Òjé ni, àjọ ìlera àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò léwu, pàápàá fún ọmọdé. Ẹ gé ibi tí ọta ti bà á sọnù, ẹ má jẹ́ kó dénú ìkòkò. Ìyẹn ṣeé ṣe. Ọta tó ti dé ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn, ta ló fẹ́ lọ gé e kúrò?

Ẹ̀yin tí ẹ ní kó kúkú ra ìbọn afẹ́fẹ́, pé ìyẹn ò gba ìwé, ẹ ò mọ òfin. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tó gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, òun àti ìbọn ẹlẹ́nu kan pọ̀ ni. Ṣakabùlà pàápàá ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Ibi tí mo sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọmọ náà fi wò mí. Ó ní, "Bàbá, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ wí. Èló ni ẹlẹ́nu kan tó níwèé? Ìgbà wo ni láísẹ́ǹsì máa jáde? Ẹ wá wo ẹ̀gẹ́ mi ná." Mo tẹ̀ lé e lọ. Ọ̀yà ti gé e nídìí lọ bẹẹrẹ, àgbàdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀. Ó ti ń dẹ pàkúté, mo ní kó fi wáyà yí oko ká, ó ṣírò owó wáyà fún mi, ẹnu mi wọhò. Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ kan ti ṣèlérí láti bá òun fi páìpù omi ṣe ọ̀kan, ní owó tí òun ní lọ́wọ́. Mo mọ ẹni tí irú páìpù bẹ́ẹ̀ bẹ́ mọ́ lọ́wọ́, ìka rẹ̀ méjì lọ sí i. Mo sọ fún un. Ó gbọ́, àmọ́ kò sọ fún mi pé òun ò ní ṣe é.

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ tó mọ ọ̀nà Eléwéẹran, olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹni tó bá ti gba láísẹ́ǹsì lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye tó ná yín gan-an fún mi àti bó ṣe pẹ́ tó, kí n lè rí nǹkan wí fún un kó tó gbé owó rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ.