Ẹ Yé Finá Sí Èkan Mi

Ta ló sọ fún àwọn alágbàṣe wa pé iná ni oògùn èkan, koríko olóríkunkun yìí? Láti ìgbà tí a ti kó wá sí ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń fọ̀: "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. A ó ṣán an, a ó finá sí i, ó parí." Ó parí níbo? Kí òjò kan ṣáà rọ̀, èkan á ti yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ káàkiri ẹ̀yìnkùlé, títí dé abẹ́ fèrèsé.

Abẹ́ ilẹ̀ lọ̀rọ̀ rẹ̀ wà! Ẹ wúlẹ̀ wò, ẹ ó rí gbòǹgbò funfun gbọọrọ tí ẹnu rẹ̀ mú débi pé ó ń lu iṣu já. Èyí tó bá gé kù sílẹ̀, á tún hù. Iná ò kàn án. Àwọn koríko tó ń bá a du oòrùn ló ń jó, òun á sì yọ òdòdó funfun, afẹ́fẹ́ á gbé irúgbìn rẹ̀ kiri.

Mo ní kí wọ́n fi ọkọ́ wú u, kí wọ́n sá a sóòrùn, kí n gbin ẹ̀gúsí tí yóò bo ilẹ̀, torí èkan kórìíra òjìji. "Màmá, iṣẹ́ yẹn ti pọ̀ jù." Owó tí ẹ ń gbà ńkọ́, ṣé òun kéré ni?

Nígbà ọyẹ́, iná wọn ya wọ oko kajú aládùúgbò wa. Ta ló lọ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀? Èmi náà ni. Ẹni tó bá tún mú ìṣáná wá sórí ilẹ̀ yìí, kó má bi mí léèrè owó o.