Ará ìlú méjìlá tàbí adájọ́ kan ṣoṣo?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, David Lammy tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ ní UK kéde pé òun fẹ́ kí adájọ́ nìkan máa dá àwọn ẹjọ́ Crown Court (kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá) tó ṣeé ṣe kí ìyà wọn má ju ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lọ, láìsí júrì, ìyẹn ará ìlú 12 tí wọ́n máa ń pè láti sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi. Wọ́n ní ẹjọ́ tó ń dúró nílẹ̀ ti lé ní 70,000. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá.

Wọ́n ti pè mí ṣe júrì rí. Lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, torí orúkọ mi wà nínú ìwé olùdìbò. Ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí, wọ́n lè bu owó ìtanràn £1,000 lé e. Nígbà tí a wọ kóòtù, akọ̀wé po káàdì orúkọ wa pọ̀, ó ń fà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi pé 12. Ẹnìkan fi Bíbélì búra, ẹnìkan fi Kùránì, àwọn mìíràn ṣèlérí láìmú ìwé kankan dání. Tí ohun kan bá rú wa lójú, a ó kọ ọ́ sórí bébà, òṣìṣẹ́ kóòtù á mú un lọ fún adájọ́, adájọ́ á sì kà á sí etí àwọn agbẹjọ́rò méjèèjì kó tó dá wa lóhùn. Ẹ má bi mí ní ohun tí a sọ nínú yàrá wa o. Òfin kò gbà kí n sọ ọ́ títí tí n ó fi kú. Àmọ́ ọkùnrin méjì ni mo bí sí ìlú yìí. Bí ọlọ́pàá bá fẹ̀sùn kan ọ̀kan nínú wọn lọ́la, èèyàn 12 ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Lọ́ọ̀yà Ìbàdàn: Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, mà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Júrì kì í sọ ìdí tó fi dá ẹjọ́ bó ṣe dá a. “Ó jẹ̀bi” tàbí “kò jẹ̀bi”, ó tán. Lọ́dọ̀ wa níbí, abala 294 nínú ìwé òfin ọdún 1999 pa á láṣẹ pé kí adájọ́ kọ ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 90 lẹ́yìn tí àwọn agbẹjọ́rò bá ti sọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn. Ó máa sọ ẹlẹ́rìí tí òun gbà gbọ́ àti èyí tí òun kò gbà gbọ́, àti ohun tó fà á. Tí mo bá gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, mo lè tọ́ka sí ìlà kan pàtó pé ibí ni adájọ́ ti ṣìnà. Ìlà wo ni n ó tọ́ka sí nínú “ó jẹ̀bi”?

Ọ̀dọ́ Ọ̀ṣogbo: Bàrísítà, ọjọ́ 90 yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí ẹ bá parí ẹjọ́ rírò. Ọdún mélòó lẹ fi ń sún un síwájú kó tó débẹ̀? Ó ju ìdajì àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n wa tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi.

Lọ́ọ̀yà Ìbàdàn: Òótọ́ lo sọ, ó sì ń dun èmi náà. Ṣé júrì ló máa wò ó sàn? Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági, tí wọ́n bá pè é ṣe júrì, ṣé á ti ìsọ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́wàá torí pé ẹlẹ́rìí kò wá? Wọ́n ti lo júrì ní Èkó nígbà ayé òyìnbó amúnisìn, fún ẹjọ́ ìpànìyàn, a ti fi í sílẹ̀. India náà fi í sílẹ̀. Ní 1959, ọ̀gá ológun ojú omi kan, Nanavati, yìnbọn pa ọkùnrin tó ń yan ìyàwó rẹ̀ lálè. Ìwé ìròyìn gbè sẹ́yìn rẹ̀, ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èèyàn 8 nínú júrì 9 ní kò jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ gíga ló wá yí i padà, tó rán an lẹ́wọ̀n gbére. Ariwo ọjà ló wọ kóòtù yẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fi ti Amẹ́ríkà kún un. Lọ́dún 1955, ní Mississippi, wọ́n pa Emmett Till, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ ọdún 14. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun 12 ló jókòó ṣe júrì. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù ní agbègbè yẹn, àmọ́ inú ìwé olùdìbò ni wọ́n ti ń mú júrì, wọn kò sì jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú kankan forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ní ọkùnrin aláwọ̀ funfun méjì tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò jẹ̀bi. Nígbà tó di 1956, àwọn méjèèjì fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn pé àwọn ló pa á, kò sì sẹ́ni tó lè tún wọn pè lẹ́jọ́ ìpànìyàn náà, torí júrì ti dá wọn sílẹ̀. Títí di 1986 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù tó sọ nínú ẹjọ́ Batson pé olùpẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ yọ èèyàn kúrò nínú júrì torí àwọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó yin júrì, ẹ bi mí pé ta ló wà nínú ìwé orúkọ.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ọmọ Ẹ̀gbá, ohun tí o sọ yìí gan-an ló ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Àwọn tó dí àwọn èèyàn wa lọ́nà kí wọ́n má wọ júrì mọ̀ pé agbára ńlá wà níbẹ̀. Ní UK níbí, ẹni tó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání lè dìbò torí pé ọmọ Commonwealth ni, tó bá ti gbé níbí fún ọdún 5, wọ́n lè pè é ṣe júrì. Ẹ wo iye adájọ́ aláwọ̀ dúdú tó wà ní Crown Court, kí ẹ wá wo iye aláwọ̀ dúdú tó wà lórí ìlà àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Peckham níbí. Lammy yìí kan náà ló ṣe ìwádìí lórí ẹ̀yà àti ìdájọ́ ní 2017, òun ló kọ ọ́ pé ìdájọ́ júrì kì í yàtọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú àti funfun. Kí ló wá dé?

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta: Ẹ jẹ́ kí àgbà dá sí i. Lọ́dún 1670, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé William Penn àti William Mead wá sí ilé ẹjọ́ Old Bailey torí pé wọ́n wàásù ní títì. Júrì kọ̀ láti dá wọn lẹ́bi bí adájọ́ ṣe fẹ́. Adájọ́ ti àwọn júrì náà mọ́lé láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná. Wọn kò yí ohùn padà. Ó bu owó ìtanràn lé wọn, ó sì rán àwọn tó kọ̀ láti san án lẹ́wọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn, Edward Bushell, pe ẹjọ́, ó sì jàre: láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò lè fìyà jẹ júrì torí ìdájọ́ tó bá ṣe. Ta ló máa dúró bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé ìjọba ló ń sanwó oṣù rẹ̀? Láàfin wa pàápàá, ọba kì í dá ẹjọ́ láìsí ìjòyè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Lọ́ọ̀yà Ìbàdàn: Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ wọn kì í ṣẹ́ kèké mú ìjòyè. Ẹni tó mọ àṣà, tó mọ ìtàn ilẹ̀ àti ìdílé, ni. Adájọ́ mẹ́ta lórí ìjókòó kan, tí wọ́n ń kọ ìdí wọn sílẹ̀, ló sún mọ́ ohun tí ẹ ń sọ ju júrì lọ.

Ọ̀dọ́ Ọ̀ṣogbo: Ti ère Colston ní ìlú Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ńkọ́? Oníṣòwò ẹrú ni, ilé iṣẹ́ rẹ̀ kó àwọn èèyàn wa ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọ̀dọ́ wó ère rẹ̀ ní 2020, wọ́n sì yí i sínú omi. Wọ́n pe mẹ́rin lẹ́jọ́. Ní oṣù Kìíní 2022, júrì ní wọn kò jẹ̀bi. Ṣé adájọ́ kan máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Lọ́ọ̀yà Ìbàdàn: Bóyá kò ní ṣe é, inú mi sì dùn pé wọ́n gba òmìnira. Ṣùgbọ́n òmìnira táwọn mẹ́rin yẹn gbà, àwọn tó pa Till gbà á pẹ̀lú. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Bàrísítà, adájọ́ tó máa dá ẹjọ́ Till nìkan ní Mississippi lọ́dún yẹn, ta ni ì bá dìbò yàn án? Ẹ jẹ́ ká padà síbi ọ̀rọ̀ wà. Júrì kọ́ ló kó ẹjọ́ 70,000 jọ. Kóòtù tí wọ́n tì pa ló kó o jọ, pẹ̀lú owó tí wọ́n gé àti agbẹjọ́rò ìjọba tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní 90 nínú 100 ẹjọ́ ọ̀daràn tó ń parí lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì, níbi tí kò ti sí júrì tẹ́lẹ̀. Díẹ̀ tó kù fún wa yìí ni wọ́n tún fẹ́ gé. Ẹni tó bá wà ní UK nínú yín, ẹ kọ̀wé sí MP yín, aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò yín. Èmi ti kọ tèmi.