Sibel ò sá fún àṣà ilé wọn

Ohun tí mo máa ń gbọ́ nípa Gegen die Wand, fíìmù tí Fatih Akin ṣe lọ́dún 2004, ni pé ìtàn Sibel, ọmọbìnrin tó kọ àṣà àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀, ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìlú Hamburg ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ará Tọ́kì tó ti ń wá ṣiṣẹ́ ní Jámánì láti ìgbà tí ìjọba méjèèjì ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lọ́dún 1961. Ilé ìwòsàn ni Sibel ti pàdé Cahit, lẹ́yìn tí ayé sú àwọn méjèèjì débi pé wọ́n fẹ́ pa ara wọn. Láìfọ̀rọ̀ falẹ̀, Sibel ní kí ọkùnrin náà fẹ́ òun. Ọmọ Tọ́kì ni Cahit, bàbá òun á gbà, òun á sì bọ́ lọ́wọ́ ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti fọ́ ọ nímú rí, torí pé ó rí i tó di ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ mú. Sibel ní kí Cahit fọwọ́ kan imú náà wò.

Àmọ́ ẹ wo ọmọbìnrin yìí nínú ilé ìdáná. Ó ki ìrẹsì sínú ata, ó sè é bí wọ́n ṣe ń sè é nílé wọn, ó gbé e fún Cahit pẹ̀lú ọtí rakı. Ibẹ̀ wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Nígbà tí ọkùnrin kan sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ohun tó fi lé e ni pé ìyàwó ilé ọmọ Tọ́kì lòun, ọkọ òun á pa á. Ṣé ẹni tó kọ ibi tó ti wá nìyẹn? Ohun tí Sibel kọ̀ ni kí wọ́n máa fi àṣà lu òun.

Cahit gan-an lẹni tó sọ èdè ìyá rẹ̀ nù, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ẹbí ìyàwó. Nígbà tó wá Sibel lọ sí Istanbul ní Tọ́kì, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá ìbátan Sibel sọ̀rọ̀! Awakọ̀ takisí tó gbé e níbẹ̀, èdè Jámánì ti Munich ló ń sọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lé e wálé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bínú pé Sibel ò bá Cahit lọ sí Mersin, ìlú tí wọ́n bí Cahit sí ní Tọ́kì, níparí. Inú tèmi dùn sí i. Ó ti ní ọmọ, ó ti nílé, kò sì sẹ́ni tó yan èyíkéyìí fún un.